Ohun ìkómọjáde, àṣà ilé àti èèwọ̀: ìfiwéra ọ̀nà tí a lè gbà ṣètò àkántì tuntun lórí kọ̀ǹpútà Linux alájọlò

Kọ̀ǹpútà kan wà nínú yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo máa ń bá tọ́jú ẹ̀rọ. Debian 12, ọ̀kan nínú ẹ̀yà Linux, ni ó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ojú-iṣẹ́ GNOME, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àkántì tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bẹ̀ mí fún kò pọ̀: kí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá kíbọ́ọ̀dù Yorùbá níbẹ̀ láì wá a kiri, kí ó rí fódà tí wọ́n jọ ń kó ìbéèrè ìdánwò sí, kí ojú kọ̀ǹpútà sì máa ti ara rẹ̀ pa bí ẹnì kan bá dìde lọ jẹun tí ó gbàgbé láti jáde. Mo kó gbogbo rẹ̀ sí fódà kan tí ó ń jẹ́ /etc/skel, mo sì gba ilé lọ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pè mí pé kò sí ohun tí ó yí padà. Olùkọ́ mẹ́sàn-án ni ó ti ní àkántì kí n tó fọwọ́ kan /etc/skel, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ohun tí mo kó síbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni kẹwàá, tí ó dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, nìkan ni ó bá ẹrù náà nílẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ni mo kó ẹrù sí ibi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀. Ibi tí a lè kọ ìṣètò ìbẹ̀rẹ̀ sí lórí Linux pọ̀ ju mẹ́fà lọ, ìwé ìtọ́ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì máa sọ bí a ṣe ń kọ nǹkan síbẹ̀, láì sọ ìgbà tí ó yẹ kí a yàn án ju èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Yíyàn yẹn ni ìfiwéra yìí dá lé, fún ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó kọ̀ǹpútà alájọlò, yálà inú pálọ̀ yín ni ó wà tàbí inú yàrá ìkọ́ni. Debian ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òun ni mo mọ̀ jù; níbi tí Fedora tàbí Ubuntu bá ti yàtọ̀, n ó sọ ọ́.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú

Kí a tó béèrè bí a ṣe ń kọ ìṣètò kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: bí mo bá yí ọkàn mi padà lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni ìyípadà náà yóò dé? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni ó pín gbogbo ọ̀nà tí ó wà sí mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní dà bí ohun tí a fi ń kó ọmọ jáde. Ní ọjọ́ kẹjọ, a ó fi oyin, iyọ̀ àti omi kan ọmọ lẹ́nu, a ó pe orúkọ rẹ̀, ó sì parí. Bí àwọn àgbà bá rántí ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà pé àwọn gbàgbé atare, wọn kò lè dá ọmọ náà padà sí ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀nà kejì ni àṣà ilé, tí ọmọ ń bá pàdé ní gbogbo àárọ̀ tí ó bá jí. Bí baálé bá yí i padà lónìí, gbogbo ará ilé ni yóò bá a bẹ́ẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ní ìṣe tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀ lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà kẹta ni èèwọ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ti òun yàtọ̀. Fódà /etc/skel jẹ́ ti ìkómọjáde, /etc/profile.d, /etc/xdg àti dconf (ibi tí GNOME ń kó ìṣètò rẹ̀ sí) jẹ́ àṣà ilé. Dconf tí a bá fi àgádágodo sí, pẹ̀lú òfin tí a bá kọ fún Firefox, jẹ́ èèwọ̀. Ohun mẹ́ta tí àwọn olùkọ́ bẹ̀ mí fún pín sí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi sì dì wọ́n sínú àpò kan.

/etc/skel, ẹrù ọjọ́ kìíní

Orúkọ fódà yìí jẹ́ ìgékúrú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí egungun ara, ìyẹn egungun tí ó gbé ara ró, kì í ṣe egúngún tí ń jó lágbo. Nígbà tí a bá ń dá àkántì, gbogbo ohun tí ó wà nínú /etc/skel ni a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fódà aṣàmúlò tuntun lábẹ́ /home, a ó sì sọ ẹ̀dà náà di tirẹ̀. Lórí Debian tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, fáìlì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: .bashrc, .profile àti .bash_logout. Àmì ìdánudúró ni orúkọ wọn fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àṣẹ `ls` lásán kò ní fi wọ́n hàn. `ls -A /etc/skel` ni kí ẹ tẹ̀.

Agbára rẹ̀ ni pé kò bìkítà nípa irú sọ́fítíwíà tí ó ni fáìlì náà. Ohunkóhun tí ó bá lè jókòó sínú fódà aṣàmúlò ni ó lè gbé: ìṣètò Vim, lẹ́tà ìkíni káàbọ̀, fódà òfìfo tí a ti fún lórúkọ. Kò tún sí ohun tí a ó fi kún un kí ó tó ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ náà ni mo ti fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀: láti ọjọ́ tí a bá ti fi lélẹ̀, ẹ̀dà náà ti di ohun ìní aṣàmúlò, bí a bá sì tún /etc/skel ṣe ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò kan ẹni tí ó ti wà nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó kàn wọ́n ní láti gbé fáìlì náà lọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì rí i pé òun kò tẹ ohun tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn tún ṣe mọ́lẹ̀. Fún olùkọ́ kan tí kò ní .vimrc rárá, èyí ni mo ṣe:

`sudo install -o tisa4 -g tisa4 -m 644 /etc/skel/.vimrc /home/tisa4/`

Ọgbọ́n kan wà tí kì í jẹ́ kí a máa ṣe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dípò kí a kó ìbéèrè ìdánwò fúnra rẹ̀ sínú /etc/skel, ọ̀nà àbùjá tí ó tọ́ka sí ibi tí ìbéèrè wà ni kí a fi síbẹ̀:

`sudo ln -s /srv/ibeere /etc/skel/Ibeere`

Ọ̀nà àbùjá náà ni a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, gbogbo olùkọ́ tuntun yóò sì rí “Ibeere” nínú fódà wọn, ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò. Bí a bá yí ohun tí ó wà nínú /srv/ibeere padà, gbogbo wọn ni yóò rí ìyípadà náà lójú ẹsẹ̀. Ohun ìkómọjáde tí ó ń ṣe iṣẹ́ àṣà ilé nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ `useradd` àti `adduser`, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lórí Debian, `adduser` ni ó máa ń bi wá ní ìbéèrè, ó sì máa ń dá fódà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. `useradd` kì í dá a sílẹ̀ àfi bí a bá fi `-m` sí i, bí kò bá sì sí fódà, kò sí ibi tí ohun tí ó wà nínú /etc/skel fẹ́ bọ́ sí. Lórí Fedora, wọ́n ti kọ ọ́ sínú /etc/login.defs pé kí `useradd` máa dá fódà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìtọ́ni tí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ yín lórí Fedora fi lè má ṣiṣẹ́ lórí Debian yín. Ẹni tí ó bá ní irú aṣàmúlò méjì, bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, lè ṣètò fódà mìíràn, kí ó sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń dá àkántì:

`sudo useradd -m -k /etc/skel-akekoo -s /bin/bash akekoo1`

Bákan náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, yálà ti Wi-Fi tàbí ti ohunkóhun, sínú /etc/skel láé. Gbogbo aṣàmúlò ni ó lè ka ohun tí ó wà níbẹ̀, a ó sì tún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀dà tí kò ṣeé gbà padà.

Bí àkántì kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà náà gan-an, tí ó jẹ́ pé inú LDAP tàbí Active Directory ni ilé-iṣẹ́ ń kó orúkọ sí, ẹnikẹ́ni kò ní tẹ `adduser` rárá. Níbẹ̀, pam_mkhomedir ni ó máa ń ṣe ìkómọjáde: ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá wọlé, yóò dá fódà rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì kó ohun tí ó wà nínú /etc/skel sínú rẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, `sudo pam-auth-update --enable mkhomedir` ni a fi ń tan án.

Aṣọ ẹlòmíràn

Ọ̀nà kan wà tí ó máa ń wu ènìyàn: kí a tún àkántì kan ṣe títí yóò fi dára, kí a wá ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà rẹ̀ fún àwọn tí ó kù. N kò gbà yín níyànjú. Ó dà bí ìgbà tí a gbé aṣọ ẹnì kan fún ẹlòmíràn láì tú àpò rẹ̀ wò. Nínú àpò yẹn ni .bash_history wà, tí ó ń sọ gbogbo àṣẹ tí oní-aṣọ àkọ́kọ́ tẹ̀; ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ .ssh rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni .mozilla wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ó ní kí Firefox bá òun pa mọ́. Fódà .local/share/keyrings náà wà níbẹ̀, tí a fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ẹni àkọ́kọ́ tì pa. Ní gbogbo ìgbà tí ẹni tuntun bá wọlé, GNOME yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí kò mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn fáìlì mìíràn, bíi .config/gtk-3.0/bookmarks, ti kọ /home pẹ̀lú orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sínú, wọn yóò sì máa tọ́ka sí ilé onílé. Èyí tí ó wá burú jù ni pé bí a bá fi root, àkántì alágbára tí ó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, ṣe ẹ̀dà náà láì yí orúkọ ẹni tí ó ni ín padà, aṣàmúlò tuntun lè má rí ojú-iṣẹ́ rẹ̀ ṣí rárá.

Bí ẹ bá ti ní àkántì kan tí ó wù yín, fáìlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ mú nínú rẹ̀ lọ sí /etc/skel. Fáìlì tí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

/etc/skel ní ẹ̀gbẹ́ /etc/profile.d

Fún àwọn tí ń tẹ àṣẹ nínú terminal, yíyàn máa ń wà láàárín méjì yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan náà dán wọn wò: kí EDITOR aṣàmúlò, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ó fi ń kọ fáìlì, jẹ́ nano. Bí a bá kọ ọ́ sínú /etc/skel/.bashrc, ẹni tuntun nìkan ni yóò ní in, yóò sì lè pa á rẹ́. Bí a bá kọ ọ́ sínú /etc/profile.d/ile.sh, gbogbo ẹni tí ó bá wọlé nípasẹ̀ login shell (shell ni sọ́fítíwíà tí ń gba àṣẹ wa; login shell ni èyí tí ó ń ṣí nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé), ti àná àti ti òní, ni yóò ní in, nítorí /etc/profile máa ń ka gbogbo fáìlì inú fódà yẹn tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .sh. Fún ohun tí ó jẹ́ ti ilé, bí ibi tí sọ́fítíwíà ilé-ẹ̀kọ́ wà tàbí àdírẹ́sì proxy, /etc/profile.d ni mo máa ń yàn láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀fìn méjì wà lójú ọ̀nà náà. Èkíní ni alias, ìyẹn orúkọ kúkúrú tí a fún àṣẹ kan. Terminal tí a ṣí lórí GNOME kì í sábà jẹ́ login shell, nítorí náà kì í ka /etc/profile, alias kì í sì í tinú shell kan bọ́ sínú òmíràn. Lórí Debian, inú /etc/bash.bashrc ni kí a kọ alias ilé sí. Lórí Fedora, /etc/bashrc ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ń lo zsh, shell mìíràn yàtọ̀ sí bash, kò ní rí èyíkéyìí nínú wọn, àfi bí a bá kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ sínú /etc/zsh.

Ọ̀fìn kejì ni ó jẹ́ mi ní wàhálà jù. Mo fẹ́ kí bash máa rántí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àṣẹ, mo sì kọ HISTSIZE=10000 sínú /etc/profile.d. Nígbà tí mo ṣí terminal, 1000 ni mo bá. Kí ló fà á? Fáìlì .bashrc tí Debian fúnra rẹ̀ fi sínú /etc/skel ti kọ HISTSIZE=1000 àti HISTFILESIZE=2000, ti aṣàmúlò ni a sì máa ń kà kẹ́yìn. Ohun ìkómọjáde ti borí àṣà ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àṣà ilé dúró nínú ọ̀rọ̀ yìí ní láti yọ ìlà méjì náà kúrò nínú /etc/skel/.bashrc, àti nínú ti àwọn tí ó ti wà nílẹ̀, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀.

Fáìlì /etc/environment náà wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí ó kan shell rárá. PAM, ètò tí ó ń bójú tó ìwọlé aṣàmúlò, ni ó ń kà á nígbà tí a bá ń wọlé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ zsh tàbí bash. Orúkọ àti iye rẹ̀ lásán ni a ń kọ síbẹ̀. `if` tàbí $HOME kò ní ìtumọ̀ kankan níbẹ̀.

Ojú-iṣẹ́: dconf ni ọ̀rọ̀ wà

GNOME kì í kọ ìṣètò rẹ̀ sínú fáìlì tí a lè fi ojú kà. Inú fáìlì kan tí ó ń jẹ́ .config/dconf/user ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Òótọ́ ni pé a lè ju fáìlì náà sínú /etc/skel, mo sì ti rí ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ti yàn, títí dé fáìlì tí ó ṣí kẹ́yìn nínú àwọn áàpù kan, ni a ó fún ẹni tuntun pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà tí dconf fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ dára jù, kò sì le. Lórí Debian, ẹ kọ́kọ́ dá fáìlì /etc/dconf/profile/user sílẹ̀, kí ẹ kọ ìlà méjì sínú rẹ̀:

`user-db:user`
`system-db:local`

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí aṣàmúlò bá yàn fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Bí kò bá yan nǹkan kan, ti ilé ni a ó lò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ti ilé sínú /etc/dconf/db/local.d/00-ile. Èyí ni ohun tí mo kọ fún kíbọ́ọ̀dù àti fún ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń ti ara rẹ̀ pa lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyẹn 300 ìṣẹ́jú-àáyá:

`[org/gnome/desktop/input-sources]`
`sources=[('xkb','us'),('xkb','ng+yoruba')]`

`[org/gnome/desktop/session]`
`idle-delay=uint32 300`

`[org/gnome/desktop/screensaver]`
`lock-enabled=true`

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú XKB, ètò kíbọ́ọ̀dù tí ó bá Linux wá, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ìgbò. Kò sí ohun tí a ó lọ gbé wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fi `us` ṣáájú kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí wọ́n ti mọ̀ọ́ tẹ̀ má baà dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ tẹ `sudo dconf update`. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan tí yóò jáde. Ẹni tí ó bá ti wọlé tẹ́lẹ̀ sì ní láti jáde kí ó tún wọlé.

Àwọn olùkọ́ mẹ́sàn-án yẹn wá ńkọ́? Mẹ́fà nínú wọn bá kíbọ́ọ̀dù náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mẹ́ta kò bá a, nítorí pé ní ọjọ́ kan sẹ́yìn wọ́n ti fọwọ́ ara wọn yan kíbọ́ọ̀dù, yíyàn wọn sì ti wà nínú user-db. Àṣà ilé kì í fi ipá mú ẹni tí ó ti ní ìṣe tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n tẹ èyí fúnra wọn, bí wọ́n bá fẹ́ padà sí ti ilé:

`gsettings reset org.gnome.desktop.input-sources sources`

Ti ẹni tuntun náà ní ẹ̀yìn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá wọ GNOME, fèrèsé ìkíni kan lè jáde tí yóò bi í ní èdè àti kíbọ́ọ̀dù tí ó fẹ́, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì di ti user-db kí ti ilé tó rí ààyè. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí fèrèsé yẹn jáde, ẹ fi fáìlì kan tí ó ń jẹ́ gnome-initial-setup-done, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, `yes`, wà nínú rẹ̀, sínú /etc/skel/.config. Ibí yìí ni /etc/skel àti dconf ti ń ran ara wọn lọ́wọ́, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí n kò fi gbà pé ó yẹ kí a sọ ọ̀kan nù nítorí èkejì.

Kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí a ń fi èèwọ̀ dè. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń ti ara rẹ̀ pa ni ó yẹ kí a dè, nítorí ìbéèrè ìdánwò wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹnì kan yóò sì rí i bí ìyọnu lọ́jọ́ kan, yóò sì pa á. Inú fáìlì kan lábẹ́ fódà /etc/dconf/db/local.d/locks ni a ń kọ èèwọ̀ sí, ìlà kan fún ohun kan:

`/org/gnome/desktop/session/idle-delay`
`/org/gnome/desktop/screensaver/lock-enabled`

Lẹ́yìn `dconf update` mìíràn, kò sí aṣàmúlò tí ó lè yí méjèèjì padà, títí kan àwọn tí ó ti yí i padà tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí èèwọ̀ má pọ̀. Mo mọ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ pa pẹ̀lú irú àgádágodo yìí. Ohun tí wọ́n jèrè nínú rẹ̀ kò yé mi di òní.

Lórí KDE Plasma àti Xfce, abẹ́ /etc/xdg ni iṣẹ́ kan náà wà. Sọ́fítíwíà yóò kọ́kọ́ wo .config aṣàmúlò, lẹ́yìn náà yóò wo /etc/xdg. Plasma tilẹ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí a bá kọ [$i] sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìṣètò kan nínú /etc/xdg/kdeglobals, aṣàmúlò kò lè yí i padà mọ́. Xfce ń kó tirẹ̀ sí /etc/xdg/xfce4/xfconf/xfce-perchannel-xml. Àwọn fáìlì wọ̀nyí ṣeé fi ojú kà, kò sì sí `update` tí a ó gbàgbé láti tẹ̀. Ní ti èyí, wọ́n rọrùn ju dconf lọ.

Firefox

Ẹ má ṣe kó .mozilla sínú /etc/skel. Firefox orí Linux máa ń ka /etc/firefox/policies/policies.json fún gbogbo aṣàmúlò, tuntun àti àtijọ́, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ojú-ìwé àkọ́kọ́ àti àfikún tí gbogbo ènìyàn nílò wà. Ẹ kọ about:policies sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, yóò sì fi hàn yín bóyá ó ti kà á. Chromium fi ìyàtọ̀ tí mò ń sọ láti òkè wá hàn ju gbogbo wọn lọ: /etc/chromium/policies/recommended jẹ́ ìmọ̀ràn tí aṣàmúlò lè kọ̀, /etc/chromium/policies/managed sì jẹ́ òfin.

Nígbà tí fáìlì nìkan kò bá tó

Àwọn ohun kan wà tí ẹ̀dà fáìlì kò lè ṣe, bíi kí a fi àkántì tuntun sí ẹgbẹ́ kan, tàbí kí a dá fódà fún un ní ibòmíràn. Fún ẹgbẹ́, EXTRA_GROUPS àti ADD_EXTRA_GROUPS wà nínú /etc/adduser.conf. Ẹ má kàn kọ docker mọ́ ọn o. Ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ docker ti ní agbára root, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Fún àwọn iṣẹ́ yòókù, bí ìwé àṣẹ kan bá wà ní /usr/local/sbin/adduser.local, `adduser` yóò pè é lẹ́yìn tí ó bá ti dá àkántì tán, yóò sì fi orúkọ, nọ́ńbà aṣàmúlò, nọ́ńbà ẹgbẹ́ àti fódà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. `useradd` kò mọ̀ ọ́n rí, nítorí náà ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí ní láti máa lo `adduser` nígbà gbogbo.

Bí kọ̀ǹpútà bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹ wo Ansible. Kì í ṣe orogún àwọn tí mo ti kà sílẹ̀. Òun ni ó máa bá yín gbé fáìlì kan náà lọ sí /etc gbogbo wọn, tí yóò sì tún un ṣe bí ẹnì kan bá bà á jẹ́ lórí ọ̀kan. Fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Èwo ni n bá yàn

Òbí tí ó ní ọmọ méjì àti kọ̀ǹpútà kan nínú ilé kò nílò ju /etc/skel kékeré àti policies.json lọ. Bí nǹkan bá yí padà, ó lè jókòó ti ọmọ méjèèjì kí ó sì fọwọ́ tún ti wọn ṣe. Dconf yóò kàn máa gba àkókò rẹ̀ lásán.

Fún yàrá àwọn olùkọ́, ohun tí ó wà níbẹ̀ báyìí nìyí. Inú /etc/skel ni ọ̀nà àbùjá sí /srv/ibeere, lẹ́tà ìkíni kan àti gnome-initial-setup-done wà, kò sí ohun mìíràn tí mo fi kún un. Kíbọ́ọ̀dù wà nínú dconf láìsí àgádágodo, ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń ti ara rẹ̀ pa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo. Mo fún àwọn mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní ọ̀nà àbùjá náà pẹ̀lú ọwọ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá ń lo Ubuntu, ẹ rántí pé láti 21.04 ni fódà aṣàmúlò kò ti ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn jọ máa lo fáìlì, abẹ́ /srv ni kí ó kó o sí, kí ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún wọn, dípò kí ó ṣí fódà ẹnì kan sílẹ̀ gbayawu.

Fún yàrá ìkọ́ni tí ó ní ogójì kọ̀ǹpútà àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń yípadà lọ́dọọdún, LDAP, pam_mkhomedir àti Ansible ni n bá lò, /etc/skel yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ohunkóhun tí ó bá wà níbẹ̀ yóò di ẹ̀dà fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, a kò sì ní lè tún un ṣe fún wọn mọ́.

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ dán an wò kí ẹ tó lọ sílé. Àkántì ìdánwò méjì ni mo máa ń ní báyìí. Ọ̀kan ń jẹ́ agba, ó ti pẹ́ lórí ẹ̀rọ, mo sì ti fọwọ́ yí ìṣètò díẹ̀ padà nínú rẹ̀ bí olùkọ́ gidi yóò ti ṣe. Èkejì ń jẹ́ ikoko, mo máa ń dá a sílẹ̀ pẹ̀lú `sudo adduser ikoko` lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń fi `sudo deluser --remove-home ikoko` kó o kúrò nígbà tí mo bá ṣe tán. Mo máa ń wọ méjèèjì. Bí ikoko bá rí ohun tí agba kò rí, ó túmọ̀ sí pé inú ohun ìkómọjáde ni mo kọ ọ́ sí, mo sì mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tí ó ti wà nílẹ̀ yóò pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.